Ẹ Bi Fírísà Wọn Léèrè

Ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí fọ́ọ̀mù JAMB kásẹ̀ nílẹ̀ nígbà tí Kẹ́hìndé ilé wa sọ pé òun ò ṣe Nọ́ọ̀sì mọ́, òun ò ṣe Lọ́ọ̀ mọ́, jẹnẹ́tíìsì lòun fẹ́ẹ́ kà, iṣẹ́ ìwádìí lòun sì fẹ́ẹ́ fi jẹun. Táyé ti lọ kọ Àkáǹtì sí tirẹ̀ ní sẹ́ńtà láàárín ìṣẹ́jú méjì, ó ti padà sídìí fóònù. Ẹ ṣáà mọ ìtàn àwọn ìbejì: Kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n, òun ló rán Táyé ṣáájú kó wá tọ́ ayé wò. Bí wọ́n ṣe ṣe é nínú ikùn náà ni wọ́n ṣe JAMB. Táyé tọ́ ọ wò, ó ní kò korò. Kẹ́hìndé jókòó, ó ń rò ó, gbogbo àgbàlá sì bá a dá sí i, nítorí pé ní Agége, ọmọ kan kì í dá fọ́ọ̀mù kọ.

Láńdílọ́ọ̀dù wa ni àyà rẹ̀ kọ́kọ́ já. Lójú tirẹ̀, iṣẹ́ kan ṣoṣo ni jẹnẹ́tíìsì ń ṣe láyé: ó ń tú àṣírí ilé onílé. "Ẹ̀yin ọmọ ìwòyí," ó ní, "ẹ jẹ́ kí kálukú máa tọ́ ọmọ tí Ọlọ́run fún un." Bàbá yìí kúrú bí àpótí ìdáná, àwọn ọmọ rẹ̀ mọ́kànlá sì ga bí òpó iná. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣèèṣì pa á lówe lójú rẹ̀ pé ẹní bíni làá jọ, owó ilé onítọ̀hún á lọ sókè lóṣù tó ń bọ̀. A fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Bàbá Ìbejì ní kí la tún ń wá kiri. Òun ti fi ọgbọ̀n ọdún ṣiṣẹ́ ìpọntí n'Ìkẹjà, ìwúkàrà lòun sì ń tọ́jú, kò sí jẹnẹ́tíìsì tó jù bẹ́ẹ̀ lọ. A rẹ́rìn-ín, àmọ́ àgbà náà ò parọ́ púpọ̀. Láti 1962 ni Guinness ti ṣí ilé ìpọntí s'Ìkẹjà. Ìwúkàrà tó ń hó nínú ọtí, tó tún ń wú búrẹ́dì Agége, òun ni ẹ̀dá àkọ́kọ́ tí sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ní kóró bíi tèèyàn tí àwọn onímọ̀ ka jíìnì rẹ̀ tán pátá, ní 1996. Nǹkan bí 6,000 ni tirẹ̀; tiwa jẹ́ nǹkan bí 20,000, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì bá ara wọn tan. Nítorí náà, ìwọ tó ń fi búrẹ́dì Agége gbá ẹ̀wà láàárọ̀, rọra, mọ̀lẹ́bí rẹ lo ń jẹ yẹn. Bàbá Ìbejì tún rí àyè sọ pé òṣìṣẹ́ Guinness ní Dublin, ọ̀gbẹ́ni William Gosset, ló gbé ìṣirò t-test jáde ní 1908, tó fi orúkọ "Student" bo ara rẹ̀ mọ́lẹ̀, tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ jẹnẹ́tíìsì ṣì fi ń mọ̀ bóyá ohun tí wọ́n rí nínú ìwádìí jẹ́ òótọ́ tàbí àlá.

"Ẹ wá rí i báyìí," ó ní, "ilé ọtí ni ìmọ̀ wà."

Ìyá Ìbejì ò tilẹ̀ gbójú sókè níbi tó ti ń pa ìpẹ́ ẹja. "Owó oṣù yín náà," ó ní, "ibẹ̀ ló wà."

Bọ̀dá tó ń tún fóònù ṣe ní Kọ̀ǹpútà Fíléèjì ní tòun, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ka jíìnì ti wà báyìí tí kò tóbi ju fóònù lọ, MinION lorúkọ rẹ̀, ilé-iṣẹ́ Oxford Nanopore ló ń ṣe é. Òótọ́ ni. Ó wá bi wá bóyá Type-C ni ẹnu ṣájà rẹ̀. Ó ní lẹ́tà mẹ́rin péré ni wọ́n fi kọ gbogbo wa, A, C, G àti T, àmọ́ ó gùn tó bílíọ̀nù mẹ́ta, kò sì sí ọ̀gá tó lè fi ojú lásán kà á. Kọ̀ǹpútà ló máa kà á. Ìdajì iṣẹ́ yìí ti kúrò lórí tábìlì láàbù, ó ti bọ́ sórí kọ̀ǹpútà, Yunifásítì Covenant ní Ọ̀tà, tí kò jìnnà sí wa, sì ti gbájú mọ́ apá yẹn. Bọ̀dá náà jàre. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún un pé mo ní ó jàre, iye tó ń gbà lórí ojú fóònù á wọ́n sí i.

Èmi alára, tí mo gba F9 nínú Bàọ́lọ́jì, ni wọ́n fi ṣe alága ìgbìmọ̀, nítorí pé mo ń kọ nǹkan sínú ìwé ìròyìn. Ní ilẹ̀ wa, ẹni tó bá mọ ibi tí àmì ohùn ń gbé ni wọ́n ń bi ní ohun gbogbo.

Nígbà tí mo tẹ́tí sí wọn dáadáa, mo rí i pé bí wọ́n ṣe ń yan aṣọ ẹbí ni wọ́n ṣe ń yan yunifásítì. Àwọ̀ ni wọ́n ń wò, wọn kì í fi omi tọ́ ọ wò bóyá yóò ṣí. Láńdílọ́ọ̀dù ní Ìbàdàn ni, torí pé láti 1948 ni, àgbà ò sì sí nílùú ìlú bàjẹ́. Bàbá Ìbejì ní UNILAG l'Akọka ni, torí pé afẹ́fẹ́ ọ̀sà ń fẹ́ síbẹ̀. Bọ̀dá fóònù ní Kánádà ni. Kò sí ẹni tó bèèrè ohun tí wọ́n ń ṣe lẹ́yìn géètì. Kò sí ẹni tó rántí pé láti ọjọ́ 14 oṣù Èrèlé títí di ọjọ́ 14 oṣù Ọ̀wàrà 2022, ASUU ti géètì ọ̀pọ̀ wọn pa. Ẹ wo bó ṣe pẹ́ tó: kantíkantí tó máa ń bo ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti rà, òun ni àwọn onímọ̀ fi ń kọ́ àjogúnbá láti ayé Thomas Hunt Morgan, láti nǹkan bí 1910, nítorí pé bí ọjọ́ mẹ́wàá sí méjìlá ni ọmọ rẹ̀ fi ń dàgbà tó bímọ tirẹ̀. Nínú oṣù mẹ́jọ yẹn, kantíkantí kan á ti rí ọmọ, á rí ọmọ-ọmọ, á dé ogún ìran. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń kọ́ nípa rẹ̀ ṣì wà ní 200 level.

Ohun tó tún ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé ẹ̀jẹ̀ Yorùbá ti wọ yunifásítì tipẹ́ láìkọ JAMB. Nígbà tí iṣẹ́ HapMap, ìwádìí àgbáyé lórí jíìnì ènìyàn, bẹ̀rẹ̀ ní 2002, Ìbàdàn ni wọ́n ti gba ẹ̀jẹ̀ ìdílé Yorùbá 30, bàbá, ìyá àti ọmọ kan tó ti dàgbà nínú ìdílé kọ̀ọ̀kan, ènìyàn 90 lápapọ̀. Lẹ́tà mẹ́ta ni wọ́n fi ń pè wọ́n káàkiri ayé: YRI. Ní 2008, ọkùnrin kan nínú wọn tí aráyé ò mọ orúkọ rẹ̀, tó jẹ́ pé NA18507 ni wọ́n ń pè é, di ọ̀kan lára àwọn ènìyàn àkọ́kọ́ tí wọ́n ka jíìnì wọn láti òkè délẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì ara rẹ̀ wà ní Coriell Institute, ní Camden, New Jersey, nínú òtútù tí iná kì í lọ. Ọmọ Ìbàdàn ni o! Kò tò síwájú ọ́fíìsì Amẹ́ríkà ní Walter Carrington, kò gba físà, ó ti di ará Amẹ́ríkà, wọn ò sì lè lé e padà. Àwa tó kù ṣì wà lórí ìlà.

Ìyẹn ló jẹ́ kí Ìyá Ìbejì sọ̀rọ̀ nígbẹ̀yìn. Ó ti lé ní ogún ọdún tó ti ń ta ẹja inú yìnyín lójúde wa, títù, kọ́tè, ṣáwá, pánlá, fírísà ló sì fi tọ́ ìbejì rẹ̀ dé ibi tí wọ́n dé. "Ẹ̀jẹ̀ náà," ó ní, "ṣé fírísà ni wọ́n ń fi í sí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Mà. Ó ní, "Báwo ni yóò ṣe tutù tó?" Mo ní tiyín ń fi bíi 18 tutù ju ojú yìnyín lọ, ti láàbù ń lọ tó 80. Ó fi ọ̀bẹ sílẹ̀. "Ẹ jẹ́ ká lọ wo fírísà wọn."

Bí a ṣe kó sí ọkọ̀ ojú irin lọ́jọ́ kejì nìyẹn. Kí n tó dé ibùdókọ̀ Agége, n ò mọ̀ pé àárín ọjà jẹnẹ́tíìsì ni mò ń gbé. Bí èèyàn bá gba Red Line lọ sísàlẹ̀, Ìkẹjà ni yóò kọ́kọ́ dé, níbi tí LASU ti ń kọ́ àwọn dókítà lẹ́gbẹ̀ẹ́ LASUTH. Yóò kan Oṣòdì, níbi tí ilé ìwádìí FIIRO ti wà láti 1956. Yóò kan Muṣin, kó sọ̀ lọ sí Ìdí-Àràbà, níbi tí LUTH àti ilé àwọn Sickle Cell Foundation ti dojú kọ ara wọn. Yóò kan Yábàá, níbi tí NIMR, ilé ìwádìí ìṣègùn, wà, Akọka ò sì jìnnà, níbi tí UNILAG ti ní ẹ̀ka tó ń jẹ́ Cell Biology and Genetics gan-an. Bí ó bá sì gba ọkọ̀ Ìbàdàn tí wọ́n ṣí ní oṣù Òkúdù 2021, Abẹ́òkúta ni yóò ti rí yunifásítì FUNAAB, àwọn tí wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣa adìyẹ lẹ́ṣà títí wọ́n fi rí FUNAAB Alpha, adìyẹ tí orúkọ rẹ̀ dà bíi ti ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn, tó jẹ́ pé ẹyin àti ẹran ni iṣẹ́ rẹ̀. Yóò sì parí sí Mọníyà, tí kò jìnnà sí IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀, níbi tí wọ́n kó irú ẹ̀wà tó ju 15,000 lọ pa mọ́ sínú òtútù.

Ẹ̀wà yẹn mú mi rántí Mendel. Ajíhìnrere... rárá, àlùfáà Kátólíìkì ni, ní ìlú Brno. Ẹ̀ẹ̀mejì ló kùnà ìdánwò tí wọ́n fi ń gba ìwé ẹ̀rí olùkọ́. Bó bá jẹ́ Agége ni, àbúrò bàbá rẹ̀ ì bá ti mú un lọ kọ́ iṣẹ́ táìlì. Ó padà sínú ọgbà, ó ń ka irúgbìn tó jọ ẹ̀wà, èyí tó ga, èyí tó kúrú, èyí tó rọ̀bọ̀tọ̀, èyí tó hun jọ. Ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1866. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sẹ́ni tó kà á sí títí ó fi kú, àfi ní 1900 ni wọ́n tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé bàbá ìmọ̀ jẹnẹ́tíìsì ni, bí ẹni tí owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ jáde nígbà tí wọ́n ti sin ín. Mo dúpẹ́ pé kì í ṣe àgbàlá wa ló gbìn ín sí. A à bá ti sè é jẹ kó tó kà á dé mẹ́wàá.

Ibi tí a ti sọ̀ kalẹ̀, n ò ní í dárúkọ rẹ̀. Ọmọ wa lè padà wá wọlé síbẹ̀. Ọ̀gá láàbù tó mú wa yí ká jẹ́ ọmọlúàbí. Ó fi ẹ̀rọ kan hàn wá tí wọ́n ṣì fi ọ̀rá bò bí àga pálọ̀ ìyàwó tuntun, ó ní owó iyebíye ni, wọn ò fẹ́ kó dọ̀tí. Kí ó tó sọ̀rọ̀ tán, Ìyá Ìbejì ti gbé ọmọrí fírísà sókè. Pure water ló kún iwájú. Kúlà kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù ni, mo rí ẹran. Sóbò wà nínú ike Ragolis. Lábẹ́ gbogbo rẹ̀ ni àwọn ìgò bíńtín tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí lára.

Ìyá Ìbejì na ọwọ́ dé ìsàlẹ̀, ó fi èékánná ha yìnyín. "Ọ̀gá, iná lọ níbí láìpẹ́ yìí, ó sì pẹ́ kó tó dé."

Ọ̀gá ní rárá o, jẹnẹrétọ̀ wà.

"Ẹ wò ó." Ó fi ìka hàn án. Yìnyín tí kò yọ́ rí a máa funfun, a máa rí hóró-hóró bíi gaàrí. Èyí tó yọ́ tó tún dì, a máa tẹ́ lọ pẹrẹsẹ nísàlẹ̀, a máa mọ́ gaara bíi dígí. Bí páálì ẹja bá ti ní irú dígí yẹn nísàlẹ̀, kò ní í rà á, bó ti wù kí wọ́n búra tó. Ọ̀gá wo dígí náà títí. Ó ní bóyá lọ́jọ́ Sátidé.

Ìyá Ìbejì tú etí ìró rẹ̀, ó yọ owó ẹyọ náírà kan jáde, irú èyí tí kò ra nǹkan kan l'Ékòó mọ́, tí alágbe pàápàá ń gbé jù. Ó ní kí wọ́n bu omi sínú ife, kí wọ́n jẹ́ kó dì, kí wọ́n gbé owó náà lé e lórí. Bí wọ́n bá dé láàárọ̀ Ajé tí owó ṣì wà lókè, fírísà sùn re. Bí ó bá ti wà nísàlẹ̀, yìnyín ife náà ti yọ́ di omi kó tó tún dì, kí wọ́n da ohun gbogbo nù, ì báà tutù bí òkúta. "Ogún ọdún ni mo fi ń ṣe é," ó ní. "Ẹja kì í parọ́, èmi ló máa parọ́ fún oníbàárà." Ọ̀gá láàbù rẹ́rìn-ín, ó mi orí. Mo sì rí i tó yẹ̀ gẹ̀rẹ̀ sídìí tábìlì, tó kọ ọ́ sínú jótà.

Láti ọjọ́ yẹn, n kì í bèèrè orúkọ yunifásítì mọ́. Ẹni tó ń ṣọ́ fírísà lópin ọ̀sẹ̀ ni mò ń bèèrè, àti bóyá ọmọ ọdún kejì lè fọwọ́ kan ẹ̀rọ àbí láti ojú fèrèsé ni yóò ti máa wò ó. Orúkọ kọ́ ló ń ṣiṣẹ́: nígbà tí kòrónà dé s'Áfíríkà ní 2020, tí gbogbo ayé ń retí London àti Amẹ́ríkà, Ẹdẹ ni wọ́n ti kọ́kọ́ ka jíìnì kòkòrò náà ní gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà, ní ibùdó ACEGID ti Yunifásítì Redeemer's, ní oṣù Ẹrẹ́nà. Ẹdẹ ìlú Tìmì, níbi tí Láńdílọ́ọ̀dù wa rò pé ilé ìwé gíga kan ò sí níbẹ̀ ju Pólì lọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n Christian Happi tó ṣíwájú wọn, ọmọ Kamẹrúùnù ni, kì í ṣe ọmọ Tìmì. Ẹ má sì jẹ́ kí orúkọ kọ́ọ̀sì pa yín lójú dé. Charles Rotimi, ẹni tó dá ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ jẹnẹ́tíìsì ènìyàn nílẹ̀ Áfíríkà sílẹ̀ ní 2003, Bàọ́kẹ́mísírì ló kà ní Benin. Olúfúnmiláyọ̀ Olópàdé, tí Chicago ń fi yangàn lórí jẹjẹrẹ ọmú tó ń rìn nínú ìdílé, iṣẹ́ dókítà ló kà n'Ìbàdàn, ó sì parí ní 1980. Bí wọ́n bá fún ọmọ yín ní Súọ́lọ́jì, ẹ má sunkún bí ẹni tí wọ́n fún lọ́mọ ọlọ́mọ.

Nínú ọkọ̀ tí à ń gbà bọ̀ lálẹ́, oorun gbé Ìyá Ìbejì lọ. Mo wá bi Kẹ́hìndé pé, nínú gbogbo iṣẹ́ ayé, kí ló dé tó jẹ́ èyí. Ó wo ìyá rẹ̀ kó tó dáhùn.

Kí wọ́n tó máa pe obìnrin yìí ní Ìyá Ìbejì, orúkọ ọmọ mìíràn ni wọ́n fi ń pè é. Ọmọkùnrin ni. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà tó lọ. Kò sẹ́ni tó ń pe orúkọ yẹn ní àgbàlá wa mọ́. Nígbà tí bàbá àti ìyá ń fẹ́ra wọn sọ́nà, wọ́n bi wọ́n léèrè ìjọ, wọ́n bi wọ́n léèrè ìlú, kò sẹ́ni tó bi wọ́n ní jẹ́nótáìpù. AS àti AS ni. Kẹ́hìndé ní àwọn àǹtí ṣọ́ọ̀ṣì sọ fún ìyá òun nígbà náà pé ọ̀kan nínú mẹ́rin ni, pé bí ọ̀kan bá ti lọ, mẹ́ta tó kù ti bọ́. "Irọ́ ni," ó ní. "Bí ẹni ń ju dáìsì lúdò ni. Oyún kọ̀ọ̀kan ló ń ju tirẹ̀ lákọ̀tun." Ó ní òun ti kà nípa Casgevy, ìtọ́jú tí wọ́n fi ń tún jíìnì ṣe fún àwọn tó ní àrùn sickle cell, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní oṣù Ọ̀pẹ́ 2023. Mo bi í ní iye. Ó ní mílíọ̀nù 2.2 dọ́là lórí ẹnì kan. Mo rò ó wò. Bí a bá ta afárá Pẹ́n Sínémà, ká ta Oko Ọba pẹ̀lú màlúù tó wà níbẹ̀, a ó ṣì jẹ wọ́n ní báláǹsì. "Ìdí nìyẹn," ó ní, "ó yẹ kí ẹnì kan ṣe èyí tó dín owó." Ó ní Akọka lòun máa kọ ṣáájú, ọkọ̀ àárọ̀ á gbé òun dé Yábàá, òun á máa sùn nílé, òun á máa bá Màámi palẹ̀ ẹja mọ́. Bí òun bá gboyè, Ẹdẹ.

N ò rí ẹ̀fẹ̀ kankan ṣe síyẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú.

A délé ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án. Iná wà. Gbogbo ọjọ́ náà ni iná fi wà, Bándì A ni wá, à ń sanwó rẹ̀ bí ẹni ń san owó orí. Táyé la fi ti ọjà. Ìyá Ìbejì ò tíì bọ́ gèlè tó fi lọ sídìí fírísà, ó sì bá ọmọrí rẹ̀ ní ṣíṣí gbayawu. Láti aago mọ́kànlá àárọ̀ tí Táyé ti ta kọ́tè méjì fún oníbàárà kan ni ó ti gbàgbé, ó ń wo fíìmù lórí fóònù. Ife omi wà lókè àwọn páálì níbi tó máa ń wà. Ìyá Ìbejì gbé e sí ìmọ́lẹ̀. Owó ẹyọ náírà kan ti wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ó ń dán gbinrin.

Alẹ́ ọjọ́ náà, gbogbo àgbàlá din ẹja bí ẹni ń ṣe ìgbéyàwó. Láńdílọ́ọ̀dù rán méje nínú àwọn ọmọ gíga wọ̀nyẹn wá pẹ̀lú abọ́. Bàbá Ìbejì ní ọtí ló kù. Nígbà tí ilẹ̀ rọ̀, wọ́n ní kí Táyé mú ìwé, kó ṣírò àdánù, ṣebí Àkáǹtì lòun fẹ́ẹ́ kà. Ó kọ páálì mẹ́ta títù, páálì kan kọ́tè, ààbọ̀ páálì ṣáwá, ó fa ìlà sí i nísàlẹ̀, ó gbé e fún ìyá rẹ̀.

Ìyá Ìbejì kà á lẹ́ẹ̀mejì. "Èyí tó wà lẹ́nu rẹ yẹn ńkọ́?"